Ọwọ́ Ìyá Efúnyẹlá

Àná ni mo gbé fótò Olúmọ sórí ayélujára,
oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn àpáta, ojú ọ̀run pọ́n bí epo.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn fi ọkàn pupa sí i.
Kọ́bọ̀ kan ò wọ àkáǹtì ẹgbẹ́ wa.

Ṣóbándé, akápò wa, tí kì í rẹ́rìn-ín tán,
ní kí n gba ọ̀nà Ìbẹ̀rẹ̀kòdó lọ:
"Lọ ya àwọn tí à ń tọrọ owó fún.
Àpáta ò ní ojú tó ń dùn ún."

Mo dé ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta.
Ìyá Efúnyẹlá jókòó sábẹ́ páànù,
òòlù lọ́wọ́ ọ̀tún,
àbúrò Olúmọ lọ́wọ́ òsì.
Kò wò ó. Kò lè wò ó.
Nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì
bí ẹ̀kọ tó dì sójú abọ́.
Ìka ló fi ń wá ibi tí òkúta ti lẹ́nu,
ìró ló fi ń mọ èyí tó fẹ́ là.
Kó! Ó dúró, ó tẹ́tí. Kó!
Òkúta là bí obì.

Mo ní, "Ìyá, ẹ gbójú sókè díẹ̀,
kí àwọn tó wà lókèèrè lè rí ìyà náà."
Mo ti ṣe é rí, kí n má purọ́:
mo ti ní kí ọmọ kan bọ́ bàtà rẹ̀ sápá kan
kó tó dúró níwájú kámẹ́rà,
mo ti dúró de omijé
bí ẹni ń dúró de ọkọ̀ ní Kútọ̀.

Ìyá fi òòlù lélẹ̀.
"Ìwọ ọmọ yìí, ta ni bàbá rẹ?"
Mo dá a lóhùn.
"Ó dáa. Ṣé bàbá rẹ á fẹ́ kí ayé rí òun
lọ́jọ́ tí òun ò lè rí ayé?"
Èsì há mi lọ́nà ọ̀fun.
"Ojú mi kì í ṣe ọjà. Òkúta ni mò ń tà.
Ya ọwọ́ mi.
Kí ẹni tó bá fẹ́ sanwó mọ̀
pé òṣìṣẹ́ lòun ràn lọ́wọ́."

Ọwọ́ ni mo yà.
Eruku nínú ìlà àtẹ́lẹwọ́,
òrùka fàdákà tó ti jẹ dà bí okùn,
àtàǹpàkò tí òòlù ti ṣìnà bà rí.
Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ bó ṣe pè é fún mi gan-an:
"Efúnyẹlá, ọmọ Ìtòkò. Ọdún mọ́kànlélógún rèé
tí mo ti ń fọ́ òkúta. Mo fẹ́ rí èyí tí mò ń fọ́."

Ọkàn pupa ò pé àádọ́ta.
Ẹnì kan bèèrè pé kí ló dé tí mi ò ya ojú.
Ẹlòmíràn ní, òrùka yẹn, èló ni wọ́n ń tà á?
Dátà mi tán. Mo sùn.

Láàárọ̀, Ṣóbándé pè mí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n:
awakọ̀ kan ní Ṣágámù fi ẹgbẹ̀rún méjì ránṣẹ́,
ó ní ọwọ́ ìyá òun nìyẹn.
Nọ́ọ̀sì kan, ẹgbàárùn-ún, òun náà ní
ọwọ́ ìyá òun nìyẹn.
Ẹnì kan tí kò dárúkọ, níbi tí yìnyín ti ń bọ́,
kọ ọ́ pé: ilé tí mo kọ́ sí Àdátán,
ta ló fọ́ òkúta rẹ̀?
Ó san owó iṣẹ́ abẹ ojú kan. Ọ̀kan péré.
Owó ojú kejì ń wọlé ní tọ́rọ́ ní kọ́bọ̀,
ó tó oṣù méjì kó tó pé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì,
mo gbé fóònù fún un kó wo fótò náà.
Ó gbé e jìnnà, ó fà á mọ́ra.
"Ọwọ́ ta nìyí?"
Ọwọ́ yín ni, Ìyá.
Ó tẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fóònù, ó fi wéra.
"Háà. Ó ti gbó tó báyìí?"
Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi,
ó wò mí láti òkè délẹ̀, kò sọ̀rọ̀,
bí ẹni tó ń wá ibi tí òkúta ti lẹ́nu.